«Kara», «node», «tame ni»: èwo gan-an ni «nítorí» nínú èdè Jàpáànì?

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè Jàpáànì, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. «Parce que» ni wọ́n kọ síwájú kara, wọ́n kọ ọ́ síwájú node, wọ́n tún kọ ọ́ síwájú tame ni. Mo fẹ́ sọ pé «N kò lọ nítorí pé òjò rọ̀», mo wá kọ: *Ikimasen deshita kara, ame ga futta.* Wọ́n ní ó ti dorí kodò. Kí ni mo ṣì? Báwo sì ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo máa lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

AraKétu
Àbúrò, ó dorí kodò lóòótọ́. Ohun tó o kọ yẹn ni pé àìlọ rẹ ló mú kí òjò rọ̀.

«Nítorí» wa máa ń ṣíwájú ìdí ọ̀rọ̀, «parce que» náà bẹ́ẹ̀. Kara kì í ṣíwájú. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ìdí, wọ́n á lẹ kara mọ́ ọn lẹ́yìn, kí wọ́n tó sọ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ: *Ame ga futta kara, ikimasen deshita* (雨が降ったから、行きませんでした). Má fi «nítorí» wọ̀n ọ́n mọ́. «Ló jẹ́ kí» ni kó o fi wọ̀n ọ́n: «Òjò tó rọ̀ *ló jẹ́ kí* n má lọ.» Bí ọ̀rọ̀ ṣe tò níbẹ̀ ló ṣe tò ní Jàpáànì.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tún ti ń ṣubú ni ohun tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, tàbí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó parí sí lẹ́tà «i», tààrà ni: *samui kara, samui node* («torí pé òtútù mú»). Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, tàbí àpèjúwe irú shizuka («dákẹ́ rọ́rọ́»), da ló ń ṣíwájú kara, na ló ń ṣíwájú node: *ame da kara, ame na node*. Bó o bá gbàgbé da, ìtumọ̀ yí padà pátápátá, torí pé kara kan náà ni «láti». *Kotonū kara* ni «láti Kútọnu», *ame kara* á wá di «láti inú òjò».

Ṣọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo yìí náà: *tabete kara* ni «lẹ́yìn tí mo jẹun tán», *tabeta kara* ni «torí pé mo ti jẹun». Te ni àsìkò, ta ni ìdí. Bí etí kò bá yá, wọn á jọ bákan náà.

Kara àti node wá ńkọ́? Kara ni ìdí tí ìwọ fúnra rẹ dì mú, tí o fi ń gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀. Node rọ̀ jù ú lọ, ó kàn ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Nítorí náà, bí o bá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá, node ni kó o lò. Kara á dà bí ẹni pé ò ń wí àwíjàre. Àmọ́ bó bá jẹ́ àṣẹ líle, kara ló yẹ ẹ́: *Abunai kara, sawaru na!* «Ó léwu, má fọwọ́ kàn án!» Node kò bá irú àṣẹ yẹn rìn. Ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lẹ́ ló bá rìn: *Abunai node, sawaranaide kudasai.* Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé *dōshite* («kí ló dé?»), fi *kara desu* parí ìdáhùn rẹ. Ẹnìkan kì í sọ *node desu* níbẹ̀.

Olùkọ́Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n ará Kétu ti la ọ̀nà. Mo fẹ́ fi èyí tí mo fẹ́ràn jù kún un, torí èdè wa ní i gẹ́lẹ́.

*Okage de* ni «ọpẹ́lọpẹ́». *Sensei no okage de, gōkaku shimashita*: «Ọpẹ́lọpẹ́ olùkọ́, mo yege.» Kage inú rẹ̀ ni ibòji: ẹni tí ibòji rẹ̀ ṣíji bò ọ́ lò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dáhùn *okagesama de* bí o bá béèrè àlàáfíà wọn, bí àwa ṣe ń sọ pé «a dúpẹ́».

*Sei de* ni òdìkejì rẹ̀, «ló kó bá mi»: *Ame no sei de, shiai ga chūshi ni narimashita*, òjò ló ba eré bọ́ọ̀lù náà jẹ́ tí wọ́n fi fagi lé e. Ẹni tó gbọ́ Faransé lè rántí «grâce à» àti «à cause de». Ẹ má ṣe pààrọ̀ wọn o. Bí o bá sọ pé *sensei no sei de* o yege, o ti bú olùkọ́ rẹ nìyẹn. *Hito no sei ni suru* ni kí èèyàn di ẹ̀bi tirẹ̀ ru ẹlòmíràn.

Tame ni ló wá jọ «nítorí» wa jù, torí pé ojú méjì ló ní. «Nítorí owó ló ṣe ń ṣiṣẹ́», ohun tó ń lé ni. «Nítorí ìjì, ọkọ̀ kò lọ», ohun tó fà á ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tame ni: *Nihon e iku tame ni, okane o tameru*, ó ń tọ́jú owó kó lè lọ sí Jàpáànì. *Taifū no tame ni, densha ga okureta*, ìjì ló dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣíwájú rẹ̀ bá jẹ́ ohun téèyàn lè pinnu láti ṣe, tí kò sì tíì ṣẹlẹ̀, ohun tó ń lé ni. Bó bá ti kọjá, ìdí ni. Èdè ìròyìn àti ti ìwé ni ìlò kejì yìí. Ẹ kì í gbọ́ ọ púpọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ.

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Te lásán ńkọ́? Mo rí *Kaze o hiite, yasumimashita*.

AraKétu
Ó dára: òtútù mú un, ó sinmi. Te kàn so méjèèjì pọ̀ ni, olùgbọ́ ló ń mọ̀ pé èkíní ló fa èkejì. Ṣùgbọ́n àṣẹ, ẹ̀bẹ̀ tàbí ìpinnu kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. *Abunakute, sawaranaide kudasai* kò tọ̀nà.

Ẹlẹ́ranỌjàOuando
Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ orúkọ wá. *Gen'in* (原因) ni ohun tó fa iná, àìsàn, jàǹbá. *Riyū* (理由) ni ìdí téèyàn fi pinnu nǹkan. Àyọrísí ni *kekka* (結果). Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: 結 ni kí a so nǹkan pọ̀, 果 ni èso. «So» wa náà ń so okùn, ó sì ń so èso!

*Inga ōhō* (因果応報) ti inú ẹ̀sìn Búdà wá, pé ohun téèyàn ṣe ni yóò bá a. *Jigō jitoku* (自業自得) sì ni «àfọwọ́fà» gẹ́lẹ́.

Òwe wọn kan tún wà: *Kaze ga fukeba okeya ga mōkaru*, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ẹni tó ń ṣe korobá onígi á jèrè. Afẹ́fẹ́ gbé eruku sójú, àwọn èèyàn fọ́jú. Shamisen, ohun èlò orin olókùn mẹ́ta, ni afọ́jú ń ta jẹun, awọ ológbò ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ológbò dín kù, eku pọ̀, eku jẹ korobá. Wọ́n ń pa á fún àlàyé tó ti jìnnà sí ìdí rẹ̀ jù.

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ yẹ èyí wò: táyà jò, mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. *Panku no sei de, shigoto ni okuremashita.*

Olùkọ́Ṣábẹ̀ẹ́
Ó tọ̀nà bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ lò ń sọ ọ́ fún. Ti ọ̀gá: *Panku shita node, okuremashita. Mōshiwake arimasen* («ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú»).