Ẹ̀kọ́ orí fóònù kì í dúró nínú orí àwọn òṣìṣẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Oníkẹ́míìsì, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Kẹ́míìsì ni mo ní, àwọn ọmọ márùn-ún ló ń bá mi tajà. Lóṣù tó kọjá, mo ra dátà fún gbogbo wọn, mo ní kí wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Fídíò mẹ́jọ ni. Wọ́n wò ó tán, wọ́n dáhùn ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló yege. Ìwé-ẹ̀rí wọn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ẹ̀yìn ni mo wà, níbi tí à ń kó ọjà sí, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn. Ọmọ tó ń tajà mú ọ̀rá ORS kan, oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, fún un, ó ní, "Àǹtí, píọ̀ wọ́tà kan ni kẹ́ ẹ pò ó mọ́." Àyà mi já! Píọ̀ wọ́tà kan, 50cl ni, ìyẹn ìdajì lítà. Lítà 1 ni ọ̀rá ORS yẹn ń gbà. Bó bá lọ pò ó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù fún ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, ó sì lè ṣe é ní jàǹbá. Mo sáré jáde, mo tún un ṣe. Nígbà tí mo bi ọmọbìnrin náà, ó ní òun rántí pé fídíò sọ̀rọ̀ omi, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti fò lọ lórí òun. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Òun ló kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ náà nínú gbogbo wọn.

Mo fẹ́ ní kí wọ́n tún gbogbo fídíò náà wò. Ṣé ìyẹn á ràn wọ́n lọ́wọ́?

Alágbàṣe, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Orí á pé.

Oníkẹ́míìsì, Ìbàdàn:
Ẹ ṣé, bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é. Bí mo bá yọ owó, wọ́n á máa fi àṣìṣe pamọ́ fún mi, ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa jìyà ẹ̀.

Olùdánilẹ́kọ̀ọ́, Èkó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ní kí wọ́n tún un wò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń fi dátà ṣòfò. Téèyàn bá tún fídíò wò, á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ojú ló mọ̀ ọ́n, ẹnu ò lè sọ ọ́. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí méjì kan, Roediger àti Karpicke, dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ka ọ̀rọ̀ kan ní àkàtúnkà. Àwọn yòókù kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kà á lákàtúnkà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé ló wá rántí rẹ̀ jù. Ìdánwò táwọn ọmọ yín yege, bí fídíò ṣe parí ni wọ́n ṣe é, ìṣẹ́jú 5 yẹn náà ni!

Ẹ máa bi wọ́n léèrè lórí WhatsApp: lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ìbéèrè kan péré. Ẹ má kọ ìdáhùn mẹ́ta síbẹ̀ kí wọ́n máa mú ọ̀kan. Kí wọ́n fa ìdáhùn náà yọ fúnra wọn.

Ọmọ Ilé Kéwú, Ìlọrin:
Òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a ò gbọ́dọ̀ fọ wàláà wa, pátákó tí à ń kọ kéwú sí, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ kà á sétí Álífà láìwo ojú rẹ̀. Tó o bá kọsẹ̀, tàdáà yẹn, ìyẹn yíǹkì tá a fi kọ ọ́, á wà níbẹ̀ di ọ̀la. Àwọn ọmọ yín ti fọ wàláà kí wọ́n tó kà á fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, gbé jọ́ọ̀gì tó ní àmì lítà sórí káńtà. Kí kálukú wọn já píọ̀ wọ́tà méjì sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe gòkè dé ìlà, kó da ORS sí i, kó tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà, kó po òmíràn mọ́ píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo, kó tún tọ́ ọ wò. Ahọ́n rẹ̀ á sọ ìyàtọ̀ fún un. Kó wá ṣàlàyé fún ẹ bíi pé ìwọ ni ìyá ọmọ: pé èyí tó bá ti pé wákàtí 24, dídànù ni, pé zinc, oògùn tí à ń fi kún ORS fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, 20mg lójúmọ́ ni fún ọmọ tó ti pé oṣù 6, 10mg fún èyí tí ò tíì pé, fún ọjọ́ 10 sí 14.

Oníkẹ́míìsì, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an ni, màmá. Mo ra jọ́ọ̀gì láàárọ̀ yìí. Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí omi kan ìlà, ó pariwo, "Ọ̀gá, méjì ni!" Ó tọ́ èyí tí ò dáa wò, ó fajú ro, kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Èyí ni mo fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ yẹn mu?" Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ṣé kí n fi ti zinc bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp lọ́la?

Olùdánilẹ́kọ̀ọ́, Èkó:
Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ti lítà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n lọ́la. Ẹ gbé jọ́ọ̀gì yẹn kúrò lórí káńtà ná kẹ́ ẹ tó bi wọ́n.