Ta ló ti gba panápaná lálejò nílé rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Màmá Kẹ́hìndé, Peckham
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ èyí, ojú ló ń tì mí. Ṣé ẹ mọ álámù èéfín tí wọ́n máa ń kàn mọ́ àjà nílùú ọba níbí? Tèmi ò jẹ́ kí n rọ́wọ́ dín ata. Tí epo bá ti ń gbóná báyìí ó ti bẹ̀rẹ̀ ariwo, àwọn ọmọ á jí, aládùúgbò á máa gbá ògiri, ni mo bá gun àga lọ́jọ́ kan mo yọ bátìrì ẹ̀, mo kì í bọnú mọ́tò ìṣeré ọmọ. Ó tó ọdún méjì tó fi wà bẹ́ẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló fi ń gbé oúnjẹ kiri fáwọn oníbàárà, ẹnu ọ̀nà la máa ń gbé e sí, á sì máa gba iná mọ́jú. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé àwọn panápaná London máa ń wá yẹ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní ká má rí i. Kì í ṣe iná ló ń bà mí lẹ́rù o jàre. Àwa mẹ́fà la wà ní yàrá méjì, mo ní wọ́n á kà wá, wọ́n á lọ rò fún káńsù, lándílọ́ọ̀dù á gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àyà wa ṣe máa ń já tí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù bá kan ilẹ̀kùn.

Àfìgbà tí epo púfùpúfù gbaná. Mo wà lórí fóònù pẹ̀lú màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ mi ọdún méje ló wá fà mí láṣọ pé mọ́mì, èéfín. Ọkọ mi ló sáré pa gáàsì, ó fi ìdérí dé páànù. Kọ́bọ́ọ̀dù dúdú bíi kóró iṣin. Álámù ńkọ́? Bátìrì ẹ̀ ṣì wà nínú mọ́tò.

Mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn. Èèyàn méjì ló wá. Wọ́n bèèrè iye ẹni tó ń sùn nílé lóòótọ́, mo ti ń wá irọ́ tí màá pa, àṣé torí kí wọ́n mọ bí kálukú ṣe máa jáde lóru ni. Obìnrin inú wọn wo kẹ̀kẹ́ yẹn, ó ní "Màdáámù, tí bátìrì yìí bá bú lóru, ibo lẹ fẹ́ gbà jáde?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Wọ́n kan álámù tuntun méjì, bátìrì inú ẹ̀ ò ṣeé yọ, ọdún 10 ló máa lò (ó jọ pé wọ́n mọ irú wa). Wọ́n ní ti kíṣìnì, irú èyí tó ń mọ ooru ló yẹ ibẹ̀, èéfín ò kàn án, ọkọ mi lọ rà á, mo sì ti dín ata títí. Wọ́n tún ní ká máa pa ilẹ̀kùn yàrá dé ká tó sùn, kí iná má lè tètè ráyè rìn. Fún tiwọn, n ò san kọ́bọ̀.

Àrẹ̀mú, Ìbàdàn
Ẹ kú ewu o, ìyá wa. Tèmi, áyọ́ọ̀nù ni. Iná lọ nígbà tí mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gba òde ìnáwó lọ. Nígbà tí iná dé, gbogbo àdúgbò ń pariwo "Up NEPA!", fóòmù mi náà ti ń jó. Aládùúgbò mi kan ló rí èéfín lójú fèrèsé, wọ́n já ilẹ̀kùn. Ní báyìí tí iná bá ti lọ, n ó yọ gbogbo ohun tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi ní mo ti ya wèrè, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìyá Bọ̀lá, Sùúrùlérè
Tiwa wá o. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ló kọ lẹ́tà sí àwọn panápaná. Wọ́n dáná sí epo nínú páànù, wọ́n wá bu omi díẹ̀ lé e láti ọ̀nà jíjìn, háà! Iná yẹn fò ga ju èèyàn lọ, àwa obìnrin sá wọlé. Wọ́n wá ní aṣọ tó tutù, tá a ti fún dáadáa, la máa fi bò ó. Ọjọ́ yẹn náà ni mo mọ̀ pé ọṣẹ tó hó la fi ń wo bóyá họ́ọ̀sì gáàsì ń jò, àti pé tá a bá gbóòórùn gáàsì a ò gbọ́dọ̀ tan iná, a ò sì gbọ́dọ̀ pa èyí tó ti wà ní títàn, fèrèsé ni ká ṣí. Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróò ẹnì kan ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, n ò ní sọ ẹni tó ni ín. Ní Èkó, 767 tàbí 112 lẹ máa pè.

Adé, Glasgow
Ní Scotland òfin ti wà láti February 2022 pé kí álámù inú ilé so mọ́ra wọn, tí ti kíṣìnì bá ké, ti yàrá á gbè é. Àǹtí mi, kẹ̀kẹ́ yẹn wá ńkọ́?

Màmá Kẹ́hìndé, Peckham
Àbúrò ọkọ mi bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Ó wà ní igun pálọ̀ báyìí, ọ̀sán nìkan ló ń gba iná, nígbà tí ẹni kan bá wà nílé tó lajú sílẹ̀.