Bí mo ṣe fi aràn wé wáyà iná, tí mo sì ṣì í wò

Ìrírí tèmi nìyí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo fẹ́ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì wé ara wọn: ti àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ aràn kékeré tí wọ́n ń pè ní C. elegans, àti ti wáyà iná mànàmáná tó so ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà pọ̀. Àwọn méjèèjì wà nínú iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí méjì, Duncan Watts àti Steven Strogatz, gbé jáde ní 1998. Kókó, ìyẹn ohun kọ̀ọ̀kan tí okùn so pọ̀ mọ́ òmíràn, 282 ni ti aràn ní. Ti iná ní 4,941.

Ohun tí mo wọ̀n ni èyí tí èmi ń pè ní ìwọ̀n àjọṣe: bí Àdùkẹ́ bá mọ Bísí, tó sì tún mọ Ṣadé, ṣé Bísí àti Ṣadé náà mọra? Ti aràn jẹ́ 0.28, ti iná jẹ́ 0.08. Mo bá fọwọ́ sọ̀yà, mo kọ ọ́ pé àjọṣe inú ti iná kò tó nǹkan. Ọ̀gá mi fi bírò fàlà sábẹ́ 0.08, wọ́n ní, "Ó kéré sí kí ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Wọ́n ní kí n tú okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, kí n tún un so bó bá ṣe bọ́ sí i, láìfi kókó tàbí okùn kankan kún un, kí n wá wọ̀n ọ́n. Ti aràn wálẹ̀ sí 0.05, ti iná sí 0.005. Àṣé ìlọ́po 16 ni àjọṣe ti iná fi ju ti èèṣì lọ, nígbà tí ti aràn kò tó ìlọ́po mẹ́fà! Bí kókó bá pọ̀ lọ súà tí okùn wọn sì fọ́n ká, ó ṣòro kí ọ̀rẹ́ ẹni méjì ṣèèṣì mọra. Ìyẹn ni n kò rò sí i.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbójú lé eigenvalue, àwọn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú bí okùn ṣe so àwọn kókó pọ̀, nítorí ó yá, ó sì rọrùn. Lọ́jọ́ kan, mo ya kókó kan sáàárín mẹ́rin tó yí i ká, mo sì fi okùn so ó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo tún ya onígun mẹ́rin kan pẹ̀lú kókó kan tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán méjèèjì kò jọra rárá, àmọ́ ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà sọ fún mi nípa wọn: 2, 0, 0, 0, −2. Mo lẹ ìwé náà mọ́ ògiri iwájú tábìlì mi.