Ọmọ mi mọ bọ́ọ̀lù orí géèmù, ti pápá ni kò gbà: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 12. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù, kò sì sí ohun tí ẹ máa bi í nípa bọ́ọ̀lù tí kò ní dáhùn. Òun ló ṣàlàyé ọfúsáìdì fún mi tó fi yé mi. Inú mi dùn, mo ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un, mo mú un lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí i, ó bà á lójúgun, ó fò lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí bọ́ọ̀lù jìnnà sí i, ó kàn dúró gbagidi, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń yí bí ẹni tó di páàdì mú. A délé, ó ní òun ò lọ mọ́. Ti tẹlifíṣàn gan-an, kì í wò ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó dìde, torí ìdajì kan lórí géèmù rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ṣé kí n gba géèmù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má gbà á o, àǹtí mi. Nígbà tí géèmù bọ́ọ̀lù FIFA 16 jáde lọ́dún 2015, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin sínú rẹ̀, orílẹ̀-èdè 12. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin mi ti kọ́kọ́ mọ̀ pé obìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn. Láti ìgbà náà, àwọn ló ń rán mi létí ọjọ́ ìdíje.

Bàbá Kékeré:
Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dá mi lójú. Jann Mardenborough, awakọ̀ eré ìje ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí géèmù mọ́tò Gran Turismo ló ti kọ́ eré mọ́tò. Ó borí lọ́dún 2011 nínú GT Academy, ìdíje tí wọ́n fi ń wá awakọ̀ láàárín àwọn tó ń ta géèmù náà, nígbà tó sì di 2013, ó ṣe ipò kẹta nínú ìsọ̀rí mọ́tò tí wọ́n ń pè ní LMP2 ní Le Mans, ìdíje eré mọ́tò oníwákàtí 24 nílẹ̀ Faransé, mọ́tò gidi.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá:
Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ fi dá sí i, ọmọdé ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Bàbá Kékeré, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọwọ́ tó ń yí mọ́tò nínú géèmù náà ló ń yí ti gidi. Ọmọkùnrin yìí, àtàǹpàkò ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún méjì. Ojú rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan míì tún wà. Nínú géèmù, òkè ló ti ń wo pápá. Nílẹ̀, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń rí. Èyí tó wá le jù: nínú géèmù, ibi tí bọ́ọ̀lù bá wà ni òun náà wà. Tó bá ti ta á sí ẹlòmíì, ó ti di ẹni náà nìyẹn. Lórí pápá, nínú gbogbo ìṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lò lẹ́sẹ̀ ẹnì kan. Ìyókù, kéèyàn sá lọ síbi tó ṣófo ni, kó máa bojú wẹ̀yìn. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, mà. Ó ń dúró kí wọ́n gbé òun sára ẹni tó ní bọ́ọ̀lù ni.

Ẹ wá ògiri kan fún un. Kó máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ gbà á padà, ìṣẹ́jú 15 kó tó fọwọ́ kan páàdì. Tí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ ní kó mú agbábọ́ọ̀lù kan, kó máa wo ẹni yẹn nìkan, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ o, kò sí o.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni, sà. A dán an wò lálẹ́ àná. Agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló mú. Mo rò pé ó máa sú u, àfi bó ṣe ń pè mí: "Mọ́mì, ẹ wò ó, ó tún ti bojú wẹ̀yìn!" Kò dìde títí wọ́n fi fọn fèrè ìsinmi. Ti ògiri, ó ní àfi tí mo bá máa bá òun gbá a. A máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Báwo ni kó ṣe jìnnà sí ògiri tó?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá:
Ìṣísẹ̀ márùn-ún. Tó bá ti ń gbà á láìfò, ẹ fi méjì kún un.