Àtúnyà ni o, kì í ṣe àtúnya: lórí Dororo ti ọdún 2019

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè Àgbà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi,

Àbúrò wa kan kọ ọ́ síbí lánàá pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wo "àtúnya Dororo" tán, ìyẹn ànímè (fíìmù àwòrán ilẹ̀ Japan) tí wọ́n tún gbé jáde ní 2019, pé bàbá kan fi ọmọ rẹ̀ fún "èṣù méjìlá". Mo yin ọmọ náà, torí Yorùbá ló fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnya? Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Aṣọ ní í ya. Ìwé ní í ya. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé wọ́n ṣe àtúnya iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan, ohun tí yóò bi mí ni pé ta ló kọ́kọ́ fà á ya.

Mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Ó gbọ́ "ya àwòrán" lẹ́nu gbogbo ayé, ó wá rò pé ohùn àárín ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn. Rárá o. Yà ni, ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣe àbọ̀ fún un ló gbé e sókè, bó ṣe gbé "rà" tó di "ra ẹran", tó gbé "tà" tó di "ta epo". Ọ̀gá tó kọ́ wa nílé ìwé ní 1963 a máa na pàṣán sókè, a ní, "Gbé àbọ̀ kúrò!" Ẹ gbé àbọ̀ kúrò, ẹ fi arópò-orúkọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe á jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. "Ó yà á": ó mú pẹ́ńsù. "Ó ya á": ó mú un, ó fà á, ó di méjì. Àti pé ayàwòrán là ń pe oníṣẹ́ náà, a kì í pè é ní ayawòrán. Kí ló kù?

Ẹ má sì sọ pé ká lo àtúnṣe. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára iṣẹ́ Osamu Tezuka, ẹni tó ni ìtàn Dororo. Ní 1967 ló bẹ̀rẹ̀ máńgà náà, ìyẹn ìwé ìtàn tí a fi àwòrán sọ. Ní 1969, ilé-iṣẹ́ Mushi Production fi ṣe ànímè dúdú-àti-funfun, apá 26, ó sì wà níbẹ̀ digbí. Nígbà tí MAPPA àti Tezuka Productions gbé apá 24 tiwọn jáde ní 2019, wọn ò fi ọ̀dà kun ti àtijọ́, wọn ò lẹ̀ ẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n yà á látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá abàmì 48 tó pín ara Hyakkimaru, ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi lélẹ̀ yẹn, jẹ nínú máńgà di 12. Àtúnyà gan-an nìyẹn.

Ó wá ku èṣù méjìlá. Orí mi wú. Ohun tí Bíbélì Àjàyí Crowther fi ojú Èṣù rí kò tíì tó, àfi ká tún gbé e lọ sí ilẹ̀ Japan? Kijin ni wọ́n pe àwọn yẹn nínú ànímè 2019. Àmì kejì nínú bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n fi ń kọ kami, ìyẹn òrìṣà ìbílẹ̀ wọn. Ohun tó ní òrìṣà nínú, tó tún ń jẹ ènìyàn, ẹbọra ni. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá ìtàn mu: Daigo Kagemitsu, bàbá Hyakkimaru, fi ọmọ inú aya rẹ̀ rúbọ kó lè rí agbára àti ọlá rà. Ẹbọ ló fi rà á. Ẹbọ-ra. Àwọn baba wa ò sọ̀rọ̀ dànù.

*

Láti ọ̀dọ̀: Ọmọ Ẹ̀kọ́, Ṣágámù

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yà ni, mo gbà. "Ó yà á" ti pa mí lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n yá pàṣán ọ̀gá yín lò díẹ̀ (yá, ohùn òkè, ká má tún bẹ̀rẹ̀ ìjà míì). Ayàwòrán yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ gbọ́ níbẹ̀, ti àwòrán ni: ya pàdé àwòrán, ìpàrójẹ gbé fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe lọ, à ló ṣẹ́kù. Ẹni tó ń fa àwòrán olóṣèlú ya kiri ìgboro náà, ayàwòrán ni yóò máa jẹ́.

Ẹbọra ńkọ́? Ẹ gbé àbọ̀ kúrò, bàbá. Kò tilẹ̀ sí àbọ̀ kankan lẹ́yìn "ra" yẹn tí yóò gbé e sókè. Bó bá jẹ́ "rà" ti ọjà ni, ẹbọrà là bá máa pè é, bí a ṣe ń pe Olùràpadà. Mi ò tíì gbọ́ Olùrapadà nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí. Òfin yín náà ló mú yín.

Lórí èṣù, lẹ́tà kékeré ni mo fi kọ ọ́. Mi ò dárúkọ Láàlú.

Àtúnyà pàápàá, bó tilẹ̀ tọ̀nà, kò dùn létí mi. A ń yà sọ́tọ̀, a ń yà kúrò lọ́nà, tọkọtaya ń pínyà. Àtúndá ni mo fara mọ́ báyìí, torí kì í ṣe àwòrán nìkan ni wọ́n yí. Nínú máńgà, Hyakkimaru ń fi ọkàn bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní 2019, odi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́ràn, kò ríran, àfi ìgbà tó pa èyí tó jí etí rẹ̀ ni etí tó padà. Wọ́n wá gbé ilẹ̀ Daigo ka iwájú wa: májẹ̀mú yẹn ló mú un tòrò, bí ọmọ bá ń gba ara rẹ̀ padà, ọ̀dá àti àìsàn ń wọ ìlú. Ẹni tí mò ń tì lẹ́yìn ní apá kìn-ín-ní, mi ò mọ̀ bóyá kí n ṣì tì í lẹ́yìn nígbà tó yá. Ẹni tó ṣe ìyẹn, àwòrán nìkan kọ́ ló yà.

*

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè Àgbà, Ìbàdàn

Àtúndá? Ọlọ́run ní í dá. Ènìyàn a máa ṣe, a máa kọ, a máa yà.

Ní ti ẹbọra, ohùn a máa yí bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ láyé. Ọdẹ ni bàbá mi, ó sun ìjálá títí ó fi kú, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹbọra kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, kò sì bèèrè àbọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti ń máàkì ìwé ìdánwò Yorùbá kí àwọn kan tó mọ ìyàtọ̀ òkè sí ìsàlẹ̀.

*

Láti ọ̀dọ̀: Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin bàbá wa. Àwọn ọmọ mi ló jókòó ti Dororo yìí láti òpin ọ̀sẹ̀, èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú Òde. Nígbà tí mo sọ pé ẹbọra, màmá ní, "Ẹbọra wo? Iwin nìyẹn." Nígbà tí Jukai, ẹni tó gba Hyakkimaru tọ́, ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀ onígi fún ọmọ tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ lójú omi, omijé ń bọ́ lójú màmá, kò bèèrè bóyá àtúnṣe ni àbí àtúndá. (Àmọ́ bàbá, èyí tí Jukai ṣe yẹn, àtúnṣe kọ́? Ọmọ náà kò bàjẹ́, wọ́n jí ara rẹ̀ ni.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ṣú já orúkọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Dorobō ni olè ní èdè wọn, ahọ́n ọmọdé ló sì sọ ọ́ di Dororo, torí olè kékeré ni ọmọ tó ń tẹ̀ lé Hyakkimaru kiri. Bí a bá fẹ́ gbé e wá sí Yorùbá gan-an, bí ọmọ wa tí kò tíì lè pe "l" ṣe máa ń pe olè la ó fi kọ ọ́. Ìkejì nínú àwọn ìbejì mi fi hàn wá lánàá. Ó nawọ́ sí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní: "Màmá, oyè!"

Ohùn kan náà, kò yí padà. A rẹ́rìn-ín títí.

*

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè Àgbà, Ìbàdàn

Oyè tí èmi jẹ nílùú mi, àwọn àgbà ló pè mí fi jẹ. Mi ò jí i. Bí ọ̀rọ̀ èdè bá ti di èébú, ẹ jẹ́ ká mọ̀.

*

Láti ọ̀dọ̀: Ìyá Ìbejì, Peckham

Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló dárúkọ yín?