Mo ń wá tíṣà lẹ́sìn fìsíìsì fún ọmọ JSS2 tí ìbéèrè rẹ̀ ti ju kíláàsì rẹ̀ lọ

Ìyá Àkọ́bí (Akóbọ̀, Ìbàdàn)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń sú mi.

Àkọ́bí mi ọkùnrin wà ní JSS2, ọmọ ọdún 12 ni. Basic Science ni wọ́n ń ṣe níléèwé wọn, ẹ sì mọ̀ pé ó di SS1 kí fìsíìsì tó dá dúró. Ọmọ yìí ò dúró de SS1. Ó rí ìwé fìsíìsì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe WAEC láyé ọjọ́un nínú àpótí, ó ti kà á dé ìdajì. Gbogbo ibi tí kò bá ti yé e, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá. Aṣọ ni mo ń rán o!

Mo gba tíṣà lẹ́sìn kan lóṣù tó kọjá. Ó mọ̀wé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mítà iná wa ní iná pupa kékeré kan tó máa ń ṣẹ́jú, wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tó bá ti ṣẹ́jú nígbà 1000, a ti jẹ yúníìtì kan. Ló bá pa fíríìjì, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó pa gbogbo gílóòbù, ó fi áyọ́ọ̀nù nìkan sílẹ̀, ó gba fóònù mi, ó wá ń ka ìṣẹ́jú mítà nínú ìṣẹ́jú aago. Wọ́n kọ 1200 watts sára áyọ́ọ̀nù náà. Ó ní ó yẹ kí mítà ṣẹ́jú nígbà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà 12 péré ló ṣẹ́jú. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, 12 náà ni.

Ó gbé e lọ bá tíṣà. Tíṣà ní ìyẹn ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì, kó lọ há fọ́múlà tí òun fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí tíṣà bá ti kan ìlẹ̀kùn, inú ni máa ń run ọmọ mi. Mo ti dá wọn dúró.

₦30,000 lóṣù ni mo lè san, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dá tíṣà gidi mọ̀ kí n tó tún sanwó fún ẹni tí ọmọ ò ní fẹ́ rí?

Ìyá Ìbejì

Ẹ má bínú sí mi o, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń kánjú? JSS2! Junior WAEC ló wà níwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fojú sí ìyẹn. Owó lẹ́sìn yẹn, ẹ fi ra bàtà fún un.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì, ọmọ tó pa gbogbo iná ilé kó lè ka mítà, bàtà kọ́ ló ń dà á láàmú.

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ó ti lé lọ́dún 15 tí mo ti ń kọ́ fìsíìsì ní SS, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa wò tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni.

Ẹ má fi sàtífíkéètì bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹni tó gba First Class tí kò lè kọ́ ewúrẹ́ bó ṣe máa jẹko. Ẹ ní kó wá kọ́ ọmọ náà fún wákàtí kan, ẹ san owó wákàtí yẹn fún un, kí ẹ̀yin náà jókòó sítòsí pẹ̀lú aṣọ tí ẹ ń rán. Ẹ ò nílò kí fìsíìsì yé yín. Ẹ kàn máa gbọ́ ta ló ń sọ̀rọ̀ jù. Tó bá jẹ́ tíṣà nìkan lohùn rẹ̀ ń jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ kí i, kó máa lọ.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ kan: okùn, òkúta, aago. Ẹ so òkúta mọ́ okùn tó gùn tó mítà kan (ti télọ̀ ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti NEPA), ẹ fi kọ́ sára ìlẹ̀kùn, ẹ fì í díẹ̀, ẹ ka lílọ-bíbọ̀ 20. Á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 40. Kí tíṣà wá bi ọmọ léèrè pé: tí a bá gé okùn yìí ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 25 cm, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni? Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní 10. 20 ni. Ibi tí mo ti máa ń dá olùkọ́ mọ̀ nìyẹn: ṣé ó máa kígbe “ó tì, ó tì” ni, àbí ó máa ní “ó dáa, gé e ká wò ó”? Lẹ́yìn náà, kó fi òkúta tó wúwo jù ú lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àkókò ò ní yí padà, ẹnu á sì ya ọmọ yín. Látinú ìyanu yẹn ni kó ti fa fọ́múlà jáde.

Ohun kejì, ìṣirò. Ọmọ tó ń sáré bí èyí lè sáré kọjá ìpìlẹ̀. Kí tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó lè yí fọ́múlà po kí lẹ́tà tó ń wá dá wà lápá kan? Ṣé ó lè ya gíráàfù kó sì kà á? Tí kò bá lè ṣe é, oṣù kan àkọ́kọ́, ìṣirò ni kí wọ́n ṣe. Àwọn ọmọ tí mò ń rí ní SS2 tó ń sọ pé fìsíìsì le, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìṣirò ló ń lé wọn.

Bàbá Ẹlẹ́tíríìkì

Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé kò ṣì í kà. Ẹ ní kó lọ wo iye fóltéèjì tí sítábíláísà yín kọ pé ó ń wọlé, kó wò ó lásìkò tí áyọ́ọ̀nù ń gbóná lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára áyọ́ọ̀nù, NEPA gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú tiwọn pé kó tó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ èyí tó kù.

Kó tún rí i pé ìgbà tí iná ara áyọ́ọ̀nù ṣì ń tàn ló kà á, torí tó bá gbóná tó, á pa ara rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ẹ wá kìlọ̀ fún un o: ojú ni kó fi máa wo mítà. Kó má fọwọ́ kan èdìdì ẹ̀, kó má sì tú ohunkóhun lára ẹ̀. Iná kì í mọ ọmọ tó ní làákàyè.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ lè rí ọmọ fìsíìsì lọ́dọ̀ wa ní yunifásítì, owó wa ò pọ̀, a sì sún mọ́ ọjọ́ orí ọmọ yín. Kí n má tan yín ṣá: tí ìdánwò bá dé, a máa ń pòórá. Ẹ bá ẹni náà sọ ọ́ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù wo ni kò ní sí?

Kí ẹ tó rí tíṣà, ẹ jẹ́ kó máa lo PhET, ìkànnì tí ọmọ ti lè ṣe àdánwò sáyẹ́ǹsì lójú fóònù. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, Carl Wieman tó gba ẹ̀bùn Nobel fìsíìsì ní 2001 ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni. Á so wáyà àti bátìrì pọ̀ lójú fóònù, á rí bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe ń rìn, kò sì ní jó ilé yín.

Ìyá Oníṣòwò Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin ń sọ fìsíìsì, èmi ń wo ọmọ. Pálọ̀ ni kí wọ́n jókòó sí, kí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí àgbàlagbà wà nílé. Ẹ gba nọ́ńbà òbí méjì tí tíṣà náà ti kọ́ ọmọ wọn, kí ẹ sì pè wọ́n lóòótọ́. Ẹ má kàn gbà á kí ẹ tọ́jú ẹ̀.

Bàbá Àgbà (Ilé-Ifẹ̀)

Mo kí gbogbo yín. Ẹ wá ẹni tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá há. Mi ò sọ ọ́ láti fi gbé èdè wa ga lásán. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbí, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà níbẹ̀, wọ́n sì fún Gẹ̀ẹ́sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ yọ.

Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá wúruwùru o. Mo ti gbọ́ tíṣà tó pe fọ́ọ̀sì ní agbára, ó pe ẹ́nájì ní agbára, ó pe páwà náà ní agbára. Ọmọ á kàn máa mi orí. Ẹ bi tíṣà tí ẹ bá fẹ́ gbà pé kó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ fún yín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní fọ́ọ̀sì ni títì tàbí fífà. Á ní ẹ́nájì ni ohun tí ẹ ń ra ní yúníìtì sínú mítà. Á ní páwà ni bí ẹ ṣe ń yára jẹ ẹ́ tó. Ìyá Àkọ́bí, ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ, ṣé ó yé yín bí mo ṣe sọ ọ́ yìí?

Ìyá Àkọ́bí

Ó yé mi, Bàbá! Ẹ ṣeun sà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yúníìtì máa yé mi láti ìgbà tí mo ti ń rà á.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Sítábíláísà kọ 180. Ọmọ mi jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní bí fóltéèjì ṣe wálẹ̀ ni kọ́rẹ́ǹtì náà ń bá a wálẹ̀, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń pàdánù: 180 lọ́nà 180, kí á fi 230 lọ́nà 230 pín in (230 ni fóltéèjì tó yẹ kí NEPA mú wá). Ó bọ́ sí 0.61. Ó fi í sọ 1200 di púpọ̀, ó rí 735 watts. Ó pín in sí ọgọ́ta, ó rí 12 àti díẹ̀. Ariwo tó pa, àwọn ayálégbé kejì rò pé wọ́n ti mú iná wá.

Tíṣà mẹ́ta ni mo dán wò. Ẹni àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, mo rán ọwọ́ bùbá méjì tán. Ẹnì kejì dáa, ó ya agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kedere, àmọ́ òbí tí mo pè ní kì í pa àsìkò mọ́. Ẹnì kẹta, obìnrin ni, ó ń kọ́ JSS níléèwé kan nítòsí wa. Ọmọ mi bi í pé, ṣé bí iná ṣe rẹlẹ̀ yìí, owó iná wa wá dínkù ni, níwọ̀n ìgbà tí mítà ò ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ? Mo gbé abẹ́rẹ́ dúró. Ó ní, “Mi ò tíì wọ̀n ọ́n rí. Ìwọ ńkọ́, báwo ni a ṣe lè mọ̀?”

Ẹni tí mo gbà nìyẹn. Wọ́n ti fi 180 lọ aṣọ kan ṣoṣo láti tútù títí tó fi gbẹ tó sì nà, wọ́n kọ iye ìgbà tí mítà ṣẹ́jú sílẹ̀. Wọ́n ti rẹ aṣọ kan náà sómi padà, ó wà lórí àga nínú pálọ̀ mi báyìí. Ọjọ́ kẹrin rèé, wọ́n ń dúró kí NEPA mú 230 wá.