Ẹ gbà mí o, update ti ba kọ̀ǹpútà mi jẹ́, sáìtì ò ṣí mọ́

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó la kọ̀ǹpútà yìí mọ́lẹ̀. Windows ni. Mò ń sùn lóru, ó pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀. Iṣẹ́ oníbàárà tí mo ti ń tẹ̀ láti àárọ̀, tí n kò tíì fi pamọ́, ó wọmi. Kò tiẹ̀ bi mí léèrè! Ìgbà tí mo jí, àwọn àmì róbótó kékeré yẹn ni mo bá lójú rẹ̀, tí wọ́n ń yí bírí bírí, tó ní òun ń ṣe update, kí n má pa òun. Ta ló pè é? Ọkọ mi wá ń sọ̀rọ̀ bíi pé òun náà kì í gbàgbé nǹkan. Ní báyìí, báǹkì ò ṣí, ímeèlì ò ṣí, Google gan-an ò ṣí. Update yìí ló fà á. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ kúrò?

Baba Kékeré:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. DNS ni, ìyẹn ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà wá àdírẹ́sì sáìtì. Ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ sí 8.8.8.8 ti Google. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo bú àwọn tó ń ta dátà fún mi títí ẹnu fi ń ro mí, láìmọ̀ pé ọwọ́ wọn mọ́.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Mà, kí ló ń kọ sójú rẹ̀ nígbà tí sáìtì bá kọ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí bó ṣe wà. Ṣé fóònù yín ń ṣí wọn lórí Wi-Fi kan náà?

Ọmọ Olóòótọ́:
Ẹ pa update rẹ́ pátápátá. Mo ti pa tèmi tipẹ́, ara tù mí.

Akọ̀wé Àgbà:
Irú ìmọ̀ràn yìí ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, gba ojú ihò tí àtúnṣe yẹn dí wọlé sórí kọ̀ǹpútà àwọn tí kò gbà á, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń bèèrè owó. Àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá aláìsàn padà sílé.

Ọmọ Olóòótọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé ìwòsàn ni mo ní?

Àǹtí Bísí:
Ẹ̀yin náà mà, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ò tẹ Ctrl+S lẹ́ẹ̀kan kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́?

Ìyá Ìbejì:
Mo ti mọ Ctrl+S kí wọ́n tó bí yín. Baba Kékeré, mo ti fi 8.8.8.8 sí i, kò gbọ́. Fóònù ń ṣí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé update ni.

Baba Kékeré:
Ẹ gbìyànjú 1.1.1.1.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Mà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Kí ló kọ?

Ìyá Ìbejì:
"Your clock is behind", lẹ́yìn náà NET::ERR_CERT_DATE_INVALID. Kí ló kan aago nínú ọ̀rọ̀ báǹkì?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Ó kàn án gan-an. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Déètì wo ló wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
2021 ni. Èmi ni mo fi sí i bẹ́ẹ̀ nígbà tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ tán. Ọmọ àbúrò mi ló ní tí mo bá dá déètì sẹ́yìn, update ò ní rí mi mú mọ́. Ó sì ṣiṣẹ́! Kò tíì wá látìgbà náà.

Ọmọ Olóòótọ́:
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí o.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Mà, sáìtì tó bá ní https níwájú àdírẹ́sì rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí kan, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí sì wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, wọn kì í fún sáìtì ní èyí tó ju ọjọ́ 398 lọ mọ́. Èyí tí báǹkì yín ń lò lónìí, lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2021 la wà, ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Ló bá tilẹ̀kùn. Ọ̀nà kan náà ni update ń gbà wọlé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi wá.

Ẹ lọ sí Settings, Time & language, Date & time. Ẹ tan "Set time automatically", kí ẹ tẹ "Sync now". Tí déètì bá tún padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, á jẹ́ pé bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, ìyẹn dọwọ́ ẹni tó máa tú u. Ẹ má sì tẹ "Advanced" láti fi tipátipá wọ báǹkì o.

Ti òru yẹn, inú Windows Update ni "Active hours" wà. Ó gbà tó wákàtí 18 lójúmọ́ tí kò ní pa ara rẹ̀ kó tún tan ara rẹ̀. "Pause updates" náà wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gùn mọ.

Baba Kékeré:
Síbẹ̀, ẹ fi DNS yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yára.

Ìyá Ìbejì:
Google ti ṣí. Báǹkì náà ti ṣí. Àmọ́ update ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí mo ṣe ń kọ èyí!

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Ẹ jẹ́ kó parí mà. Tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró ná, ọ̀sẹ̀ kan ti tó.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti yan márààrún.